Ínsúlínì Tí Yìnyín Pa

Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, ara Torbjørg kì í balẹ̀ mọ́. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pẹ̀lú síkíì lẹ́sẹ̀, tó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín òkè Valdres ní orílẹ̀-èdè Norway, ẹ ó rò pé ọmọge kan ló ń bọ̀. Ahéré onígi tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lókè lọ́hùn-ún, níbi tí iná mànàmáná kò dé. Fóònù kò gbé níbẹ̀ rárá, àfi kí èèyàn gun gegele àpáta tó wà lẹ́yìn ahéré. Ìyẹn kò dun Torbjørg. Ó máa ń sọ pé ohun tó dára jù nípa ahéré òun ni pé kò sí ẹni tó lè fi fóònù da òun láàmú níbẹ̀.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, Håvard ọmọ rẹ̀ àti Sunniva ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n bá a gòkè. Ragna, ìyá Sunniva, kò lè wá. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro ló ń wà ní Oslo, ọdún Àjíǹde yìí sì bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Sunniva, ẹlẹ́rìn-ín, alásọjù. Láti kékeré ni àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀, irú èyí tí kò kan àjẹjù tàbí ìsanra. Ibi tó yẹ kó máa ṣe ínsúlínì nínú ara rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Láìsí ínsúlínì, ṣúgà á kàn máa yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ebi á sì máa pa ẹran ara. Nítorí náà, kí Sunniva tó jẹun, ó ní láti kọ́kọ́ fi péènì abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀, bí ọmọ mìíràn ṣe ń fọ ọwọ́. Kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ lọ́wọ́ dúró tó bá ń gún un.

Bí wọ́n ti sọ ẹrù kalẹ̀ ni Håvard na àpò kékeré kan sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi fi èyí síbi tó tutù. Oògùn Sunniva ni, àwọn tí a ò tíì ṣí."

"Ibi tó tutù kẹ̀?" ni Torbjørg wí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o tiẹ̀ mọ ibi tí o wà? Ibi tó gbóná ni kí o bi mí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Torbjørg gbé àpò náà lọ sínú àpótí igi tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n rì mọ́ inú yìnyín. Ibẹ̀ ni fíríìjì ahéré. Ó fi í sáàárín wàrà, bọ́tà àti ẹja kíkan tó ti ń tọ́jú láti ìgbà ìwọ́wé, ó sì pa ọmọrí dé. Håvard kò sọ pé kó má ṣe jẹ́ kó dì. Ó rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀.

Òtútù tó mú lóru ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Torbjørg lọ mú wàrà tí wọ́n máa fi mu kọfí, ó bá a tó ti di òkúta. Ó yọ àpò ínsúlínì wò. Àwọn péènì náà ti dì gbagidi, ohun inú wọn funfun bí ojú afọ́jú.

 Ó dúró sórí ìkúnlẹ̀ nínú yìnyín, ó ń wo àwọn péènì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í tilẹ̀ ṣe Sunniva, Ragna ni. Nígbà Kérésì tó kọjá, Torbjørg fẹ́ bá wọn gbé báàgì oògùn ọmọ náà, Ragna sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi." Kò bú u, kò lejú mọ́ ọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ Torbjørg lára títí dòní. Àfi bíi pé òun ni ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ló wá rántí nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ilé iṣẹ́ wàrà ni Torbjørg ti lo ìgbà èwe rẹ̀ àti àgbà rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ fún un nípa bakitéríà. Títí di òní yìí, ó ṣì ní ìyá wàrà tó jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀, èyí tó máa ń fi ṣe wàrà kíkan tó ń fà yọ̀ọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà òtútù, á gé ìyá wàrà náà wẹ́wẹ́, á jẹ́ kó dì. Nígbà tí yìnyín ilẹ̀ bá yọ́, á jù ú sínú wàrà lílọ́wọ́ọ́rọ́, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ á sì jí bí ẹni pé oorun ọ̀sán ni wọ́n sùn. Ọdọọdún ni, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ Sunniva sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ni Håvard fi tù ú nínú? Ó ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù oògùn yìí. Àwọn èèyàn yín ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n fi àbùdá èèyàn sínú bakitéríà, bakitéríà sì ń ṣe ínsúlínì bí tiyín ṣe ń ṣe wàrà kíkan." Inú Torbjørg dùn lọ́jọ́ náà. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń hun aṣọ òtútù.

"Bakitéríà ni bakitéríà," ló wí fún ara rẹ̀ nínú yìnyín. "Wọ́n sùn ni."

Ó kó àwọn péènì náà wọlé sábẹ́ aṣọ rẹ̀, ó da omi kẹ́tùlù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó sì kó wọn sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n yọ́. Wọ́n mọ́ lóló, bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ó nù wọ́n gbẹ, ó dá wọn padà sínú àpò, ó sì gbé àpò náà sórí pẹpẹ tó wà nítòsí fèrèsé. Håvard wọlé pẹ̀lú igi ìdáná, ó ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Ó ní, "Mò ń fọ abọ́." Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹni rere: kì í wọlé pẹ̀lú ariwo.

Péènì tí Sunniva ń lò lọ́wọ́ wà nínú àpò inú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítòsí àyà, nítorí náà òtútù kò rí nǹkan fi í ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà oúnjẹ alẹ́, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí ọmọ náà nílò. Håvard na ọwọ́ sí pẹpẹ, ó ṣí péènì tuntun. Torbjørg ń wò ó láti ìdí ààrò. Ọ̀rọ̀ wá sí i létè, ó gbé e mì. Wọ́n tún fún ọmọ náà ní ti alẹ́, irú èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, inú àpò kan náà ni wọ́n ti mú un. Lẹ́yìn náà wọ́n ta káàdì, Sunniva jẹ bàbá rẹ̀ láyò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi lọ sùn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀rọ kékeré tó lẹ̀ mọ́ apá Sunniva, tó ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ṣúgà rẹ̀ ti gòkè.

"Ṣokoléètì mélòó lo jí jẹ?" ni Håvard bi í.

"Mi ò jí nǹkan kan jẹ o, Bàbá! Ẹ ka èyí tó wà nínú páálí wò."

"Àwọn olè gbogbo ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà lẹ jẹ ọsàn mi lánàá, ta ló mú yín?"

Håvard rẹ́rìn-ín, ó sì tún fún un ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́. Sunniva mu omi, ó tún mu òmíràn, ó ń sáré jáde lọ tọ̀, ó tún ń padà wá mu omi. Nígbà tó yá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí Sunniva má sọ̀rọ̀! Håvard tún fún un ní abẹ́rẹ́ nínú péènì mìíràn. Ìwọ̀n tó yẹ kó gbé ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n omi lásán ì bá ṣe ohun tó ṣe.

Torbjørg ń rìn láti ibì kan dé ibì kan nínú ahéré. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ àwọn bakitéríà náà. Ẹ jí, ó ti tó. Ẹ jí, ẹ jọ̀ọ́. Ó ronú pé bóyá oorun wọn wúwo ju ti wàrà lọ, bóyá ooru ni wọ́n fẹ́ sí i. Nígbà tí Håvard jáde lọ wo ojú ọjọ́, ó kó àwọn péènì tó kù sún mọ́ ààrò.  Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́jú kan ti ń kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i, torí pé ní báyìí, kì í ṣe pé oògùn dì nìkan ni yóò sọ, yóò sọ pẹ̀lú pé òun mọ̀ láti àná.

Håvard wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí irùngbọ̀n. "Ìjì ń bọ̀," ló wí. "Òkè òdìkejì ti pòórá."

Ọ̀sán kò tíì tán tí Sunniva fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bi omi, ó bi ọsàn, ó wá ń bi itọ́ lásán. Håvard di orí rẹ̀ mú. "Inú rírun ni," ló ń sọ. "Ẹja yẹn ni kò bá a lára mu. Àbí, Màmá?" Torbjørg ń wo àyà ọmọ náà. Mímí ọmọ náà ti yàtọ̀. Ó ń mí jinlẹ̀jinlẹ̀, kíákíá, bí ẹni tó gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ǹṣì ló dùbúlẹ̀ sí.

Torbjørg tẹ̀ síwájú láti nu ẹnu rẹ̀. Òórùn kan sì fẹ́ sí i nímú láti ẹnu ọmọ náà: òórùn èso ápù tó ti ń rà.

Ó mọ òórùn náà. Kò gbọ́ ọ láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbàgbé irú rẹ̀. Asbjørn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, inú ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa ni wọ́n ti ń fa ínsúlínì yọ. Ìgò kékeré ni, ó sì máa ń mú kí itan Asbjørn wú lódulòdu. Nígbà òtútù kan, yìnyín dí ọ̀nà, oògùn rẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tó lè dé abúlé wọn. Bí ó ṣe mí nìyẹn, jinlẹ̀jinlẹ̀, títí kò fi mí mọ́.

"Håvard," ni Torbjørg wí.  "Ínsúlínì yẹn dì."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ó dì sínú yìnyín lóru ọjọ́ tí ẹ dé. Gbogbo rẹ̀. Mo yọ́ ọ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́."

Håvard wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Láti Ọjọ́bọ̀? Màmá, láti Ọjọ́bọ̀, ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń gún ọmọ yìí?"

"Bakitéríà ni! Ìwọ fúnra rẹ lo sọ bẹ́ẹ̀! Òtútù kì í pa bakitéríà, á kàn sùn ni, á jí. Tèmi ń jí lọ́dọọdún!"

"Mo ní bakitéríà ló ń ṣe é!" Igbe ni Håvard fi sọ ọ́. "Mi ò sọ pé bakitéríà wà nínú rẹ̀! Kò sí ohun tó lè jí nínú rẹ̀, Màmá. Kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Torbjørg lára ju ìjì ìta lọ. Håvard ti ń wá bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n Sunniva di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ má lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Torbjørg ti ki fóònù bọ àyà, ó ti dé fìlà.

"Dúró tì í," ló wí. "Mo lè dijú gun gegele yẹn."

"Ìjì yẹn máa gbé yín lọ!"

"Kó gbé mi lọ nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán."

Bó ti ṣílẹ̀kùn ni atẹ́gùn gbá a lójú. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi igi síkíì tọ́ ilẹ̀, ó ń gòkè, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ibi tí ọ̀nà náà ti ga jù, ó rákòrò lórí orúnkún. Lórí gegele, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sọnù, ó tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì pẹ̀lú ìka tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Fóònù dún, ó já. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún já. Torbjørg sunkún, omi ojú rẹ̀ sì dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìgbà tó tún un tẹ̀, ohùn obìnrin kan wọlé.

"Vigdis ni mo ń jẹ́, nọ́ọ̀sì ni mí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Torbjørg sọ ibi tí wọ́n wà, ó sọ pé ọmọ náà ní àtọ̀gbẹ, ó ń bì, ó ń mí kíákíá, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó rà. Lẹ́yìn náà ó sọ ìyókù, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́, Màmá," ni Vigdis wí. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò gbọdọ̀ gba ẹyọ kan mọ́ nínú àwọn tó dì. Ẹ má wò ó pé ó mọ́ bí omi. Ó ti bàjẹ́. Ṣé kò sí ìkankan tí òtútù kò fọwọ́ kàn?"

"Kò sí. Gbogbo rẹ̀ ni mo... Dúró! Èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀! Ó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Díẹ̀ ló kù."

"Inú jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára rẹ̀?"

"Lára rẹ̀, nítòsí àyà."

Atẹ́gùn gba ohùn náà lọ, ó sì dá a padà. Dókítà ti bọ́ sórí fóònù báyìí, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó béèrè bí ọmọ náà ṣe wúwo tó, ó ní kí wọ́n gún gbogbo èyí tó kù fún un, kí wọ́n sì máa fún un lómi ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí kò bá bì í jáde, kí wọ́n má jẹ́ kó sùn lọ. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra nínú ìjì yìí, ṣùgbọ́n àwọn aṣèrànwọ́ orí òkè ti ń gbé ọkọ̀ yìnyín bọ̀, wọ́n sì gbé ínsúlínì lọ́wọ́.

"Ṣé ó máa yè é?" ni Torbjørg béèrè.

"Ẹ sáré padà sọ́dọ̀ rẹ̀, Màmá," ni dókítà dáhùn. 

Nínú ahéré, Håvard yọ péènì àtijọ́ náà lápò jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sójú iná. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ẹ̀kán omi lọ. Ó gún un fún ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n máa fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu lọ. Torbjørg ń pe orúkọ rẹ̀. "Sunniva, ta ló jẹ ayò lánàá?" Ọmọ náà la ojú díẹ̀. "Èmi," ló wí, ó sì tún pa á dé. "Sunniva! Ẹ̀ẹ̀melòó?" Ó dákẹ́. "Sunniva!" Ẹ̀ẹ̀mejì, ni ètè rẹ̀ wí, láìsí ohùn.

Håvard kò wo ojú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ló le jù.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn aláṣọ pupa mẹ́ta wọlé pẹ̀lú yìnyín, wọ́n bá ọmọ náà tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n so omi mọ́ ọn lápá, wọ́n fún un ní ínsúlínì tí wọ́n gbé wá, wọ́n wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n sì gbé e jáde. Nínú ọkọ̀ náà, àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Håvard ló wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn dúró ti Torbjørg di òwúrọ̀, ó sì fi ọ̀rá kun ìka rẹ̀ tí òtútù ti jẹ.

Sunniva kò kú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá, torí ó dá mi lójú pé àyà ẹ̀yin náà ti ń já. Ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn débi pé àwọn dókítà kò fi í sílẹ̀ tọ̀sán-tòru ní gbogbo ọdún Àjíǹde yẹn. Ọpọlọ rẹ̀ fẹ́ wú. Nígbà tí Torbjørg dé ilé ìwòsàn, Ragna ti wà níbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ẹ mọ̀," ni Ragna wí. "Ká ní ẹ ò mọ̀, ǹ bá ti dárí jì yín láàárọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

"Mo mọ̀ pé ó dì," ni Torbjørg wí. "Mi ò mọ̀ pé ó kú. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ. Mo dákẹ́, torí mo ń bẹ̀rù ojú rẹ."

 Ragna yí padà sí ọmọ rẹ̀.

Dókítà tó ń tọ́jú ọmọ náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gunnvor, ló mú Torbjørg jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Torbjørg ní òun fẹ́ mọ̀ ọ́n dé ìdí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e kúrú fún òun mọ́.

"Nínú bakitéríà, àbùdá kékeré kan wà tó rí róbótó bí òrùka," ni Gunnvor wí. "Wọ́n á la òrùka náà, wọ́n á so ìtọ́ni tí ara èèyàn fi ń ṣe ínsúlínì mọ́ ọn, wọ́n á sì pa á dé. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó bakitéríà sínú omi iyọ̀ kan lórí yìnyín, wọ́n á gbé e sínú ooru lójijì. Ìjayà yẹn á jẹ́ kí awọ wọn lanu díẹ̀, òrùka náà á sì wọ inú àwọn kan. Àwọn tó gbà á nìkan ni wọ́n á ṣà sọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá ti gbà á, ó ti di tirẹ̀ nìyẹn. Tó bá pín sí méjì, ọmọ méjèèjì á ní in."

"Bí ìyá wàrà mi. Ohun tí ìyá ní ni ọmọ ń ní."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n á wá bọ́ wọn nínú àgbá ńlá, wọ́n á pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á máa ṣe ínsúlínì èèyàn, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ní àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn, ìwúkàrà ni wọ́n ń lò dípò bakitéríà. Ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ibi tí tiyín àti tiwọn ti yà nìyí. Nínú wàrà tiyín, ẹ̀ ń mu òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ínsúlínì, wọ́n á fọ́ òṣìṣẹ́ túútúú, wọ́n á sẹ́ gbogbo èérún rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń wọ inú péènì, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn kò sì lẹ́mìí. Purotéènì ni, bí ẹyin. Ẹyin tí ẹ bá ti sè, ṣé ó lè padà di tútù tí ẹ bá gbé e sórí yìnyín?"

"Kò lè ṣe é."

"Ohun tí ooru ṣe fún ẹyin ni dídì ń ṣe fún ínsúlínì. Ó lè yọ́, ó lè mọ́ lóló lójú. Kò ní í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, ẹ ò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n."

 Nǹkan tí Torbjørg mọ̀ jù lọ láyé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Håvard wá bá a níbẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi, Màmá. Mo fún yín ní àbọ̀ ọ̀rọ̀, torí ó dùn létí. Mo sì fún yín ní àbọ̀ ìkìlọ̀." Ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Sunniva sílẹ̀, òtútù ṣì ń mú níta. Ọmọ náà ti rù, àmọ́ ó ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó yọ péènì tuntun tí wọ́n fún un, ó ní, "Kí Ìyá àgbà bá mi mú un. Apá ń dùn mí."

 Torbjørg fà sẹ́yìn. "Rárá, ọmọ mi. Fún ìyá rẹ."

Ragna wo ìyakọ rẹ̀. Ó gba péènì náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó dì í mú. Lẹ́yìn náà ó béèrè, láìsí ẹ̀rín lójú, "Níbo lẹ máa fi sí?"

Torbjørg tú bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó tú ti ẹ̀wù òtútù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò kékeré tó ti rán mọ́ inú rẹ̀ lálẹ́ àná pẹ̀lú ọwọ́ tó ní báńdéèjì. "Níbí," ló wí. "Bíi ti Sunniva. Lára mi."

Ragna fi péènì náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì bá a de bọ́tìnnì náà padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní rí yìnyín láyé yín, ọ̀rọ̀ yín ni. Ibi tí fíríìjì ti ń mú omi dì lè ba ínsúlínì jẹ́ gẹ́gẹ́ bí òkè Valdres ti bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí ẹ pa sínú oòrùn. Ẹ fi èyí tí ẹ kò tíì ṣí sí àárín fíríìjì, kó jìnnà sí ibi tó ń dì, kí èyí tí ẹ sì ń lò lọ́wọ́ má ṣe gba òtútù tó le tàbí ooru tó le. Èyí tó bá ti dì rí, ẹ má yọ́ ọ, ẹ má dán an wò, ẹ sọ ọ́ nù. Bí ṣúgà ẹnì kan bá ń gòkè láìka abẹ́rẹ́ sí, ẹ fura sí oògùn náà kí ẹ tó fura sí ẹnu ọmọ. Bó bá sì ń bì, tó ń mí kíákíá, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó rà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ṣe àṣìṣe náà, ẹ sọ ọ́ kíákíá, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Òtútù ba oògùn Sunniva jẹ́ ní òru kan. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ títí di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, kì í ṣe òtútù ló ń pa ọmọ náà lọ. Ẹnu tí ìyá àgbà rẹ̀ pa mọ́ ni.